Ìyá Àgbà Tó Pa Ẹnu Dé Lórí Ìtàgé

Nínú ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí wọ́n kọ nípa ìyá tó bí ìyá mi kò ju ìpínrọ̀ kan lọ. Wọ́n ní Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí, ó lọ́kọ, ó bímọ, ó ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, ó fẹ́ràn Ọlọ́run, ó sì sùn nínú Olúwa ní Abuja. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ka ìwé yẹn, á rò pé nọ́ọ̀sì ni, tàbí olùkọ́. Iṣẹ́ tí ìyá àgbà mi ṣe nílẹ̀ òkèèrè, orí omi ló ti ṣe é. Olórin ni, nínú àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá tó ń gbé àwọn èrò kiri fún ìgbádùn. Ó kọrin fún wọn láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ títí irun orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun.

Mo bi màmá mi pé kí ló dé tí a ò fi ìyẹn síbẹ̀. Ó ń ká gèlè rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Mọrẹ́nikẹ́, ìpínrọ̀ kan ò lè gbà á. Ìwọ lo bá a lọ. Lọ jókòó kó o kọ ọ́."

Mo ti jókòó.

Fúnmiláyọ̀ lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é, títí kan máígádì wa, Málàm Sani, tí kò gbọ́ Yorùbá kankan ju ìyẹn lọ. Láàárọ̀, kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti atalẹ̀ fọ ọ̀fun rẹ̀, á wá máa kùn bí oyin títí ohùn rẹ̀ á fi là. Lẹ́yìn náà ni á wẹ̀, á wọ aṣọ tó ti lọ̀ dáadáa, á tọ́ ètè, á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jáde sí pálọ̀. Mi ò rí i pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn rí, àfi ìgbà tó ṣàìsàn. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé ta ló ń múra fún, nígbà tó jẹ́ èmi àti Málàm Sani nìkan ló kù nílé. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.

"Ṣé Málàm ò lójú tó fi ń wòran ni?"

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Durumi ní ọdún 2010, lẹ́yìn tó ṣubú nínú ilé rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, mo gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sọ ọ́. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Abuja, wọ́n á fi Yorùbá bá mi sọ̀rọ̀, màá fi Gẹ̀ẹ́sì fèsì. Màmá mi, tó ń ti ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú orí fífọ́, ti gba kámú. Ìyá Àgbà ò gbà. Bí mo bá ti fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, á na ọwọ́ sí etí, á ní òun ò gbọ́. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju gbogbo wa lọ, tó tún gbọ́ èdè àwọn ará Sípéènì àti Ítálì díẹ̀díẹ̀! Ẹran tí mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ kì í dé inú àwo mi. Kò pẹ́ tí ahọ́n mi fi tú. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mò ń kọ síbí yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti gbà wọ́n. Kì í bú mi, kì í jágbe. Ohun kan náà ló máa ń sọ, tẹ̀rín-tẹ̀rín:

"Ọmọ mi, maìkì rẹ ò tíì tàn."

Ọkọ̀ ò kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Kó tó gbé oúnjẹ sórí tábìlì, á kọ́kọ́ fi omi rin aṣọ tábìlì díẹ̀, nítorí pé nígbà tí ìjì bá dé lórí òkun, aṣọ tó tutù ni kì í jẹ́ kí àwo yọ̀ ṣubú. Màmá mi á ní, "Màmá, igi tábìlì yìí á jẹrà o. Abuja la wà. Òkun wo ló wà nítòsí?" Ìyá Àgbà á tẹ́ aṣọ náà dáadáa, á fọwọ́ gbá igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ìwọ ṣáà jẹun. Àwo rẹ ò ní lọ síbì kankan."

Ohun tó kórìíra jù láyé ni kí ẹ̀rọ máa ṣe iṣẹ́ èèyàn níwájú èèyàn. Kò kórìíra ẹ̀rọ o. Ó ní fóònù tó dára ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dúró síwájú ẹ, tó wá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀, ó máa ń bí i nínú.

Èmi ni mo máa ń fi mọ́tò gbé e lọ ra èso ní ọjà Zuba ní ọjọ́ Sátidé. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta ọsàn, ó kọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan sí abẹ́ agboòrùn rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń pariwo ohun kan náà ṣáá, ní Haúsá, ní píjìn, ní Yorùbá, pé ọsàn dídùn rèé, ẹ wá tọ́ ọ wò. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ìyá Àgbà dúró níwájú rẹ̀.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Mà. Mo gbà á sílẹ̀ ni."

"Ta wá ló ń jẹ ẹ̀pà?"

"Èmi náà ni, Mà."

"Ẹ ti pọ̀ jù nìyẹn. Pa ọ̀kan."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun. Ọmọ Ìkirè ni. Ó ṣàlàyé pé tí òun bá fi ẹnu òun polówó, ohùn òun máa ń há kó tó di ọ̀sán. Ìyá Àgbà ní ọ̀fun ló fi ń pè é ni, ìyẹn ló fi ń há. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn ara rẹ̀, ó fa èémí, ó sì polówó ọsàn náà lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọn obìnrin tó ń ra mángòrò ní òdìkejì yíjú padà. Ẹnìkan pariwo, "Kai!" Ọkùnrin náà pa ẹ̀rọ. Nígbà tí a padà lọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnu rẹ̀ ló fi ń polówó. Kò dùn tó ti Ìyá Àgbà, àmọ́ ó ti ń gbìyànjú. Bí a ṣe ń padà sílé ni mo bi í pé kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ọlọ́sàn.

"Ẹni tó fẹ́ rajà fẹ́ mọ̀ pé ẹnìkan ń bẹ níbẹ̀."

Ti ṣọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ìjọ wa láwọn onílù tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn alàgbà ra dùùrù ìgbàlódé kan, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì kan lára rẹ̀, ìlù, gìtá àti fèrè á bẹ̀rẹ̀ fúnra wọn. Wọ́n ní kí àwọn onílù lọ sinmi. Káyọ̀dé ló ń tẹ dùùrù náà, ọ̀dọ́kùnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí. Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Àgbà lọ bá a.

"Káyọ̀dé, ta ló lu ìlù tí a gbọ́ yẹn?"

"Dùùrù náà ni, Mà."

"Ṣé ó ti ṣe ìrìbọmi?"

Káyọ̀dé rò pé àwàdà ni. "Rárá, Mà."

"Ṣé ó máa ń gbààwẹ̀?"

"Rárá, Mà."

"Kí ló wá ń ṣe nínú ẹgbẹ́ akọrin?"

Ọ̀rọ̀ náà dé etí pásítọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, Ìyá Àgbà kọ̀, kò jó lọ síwájú nígbà ọrẹ. Ó kàn ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, bí ẹni tó lọ san owó iná. Ojú ti màmá mi. Nígbẹ̀yìn, pásítọ̀ fúnra rẹ̀ wá sílé wa. Ó ṣàlàyé pẹ̀lú sùúrù pé dùùrù náà kì í pẹ́ dé, kì í ṣàìsàn, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní òótọ́ ni. Pásítọ̀ ní, "Kí ló wá burú nínú rẹ̀, Mà?"

"Òun kọ́ ni Ọlọ́run jí láàárọ̀ yìí."

Àwọn onílù padà sẹ́nu iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Sọ́ńdè ìdúpẹ́ nìkan ni wọ́n gbà wọ́n láyè.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ara àwọn àgbà tí gbogbo nǹkan àtijọ́ ń dùn mọ́ nínú ló wà. Tó bá jókòó sí bákónì lọ́sàn-án, ó máa ń sọ bí àwọn ọkọ̀ náà ṣe rí nígbà náà: báǹdì tó ní fèrè oríṣiríṣi, àwọn oníjó tí ẹsẹ̀ wọn ń bára mu, aláwàdà kan tó máa ń dúró sẹ́nu àtẹ̀gùn nígbà tí àwọn èrò bá ń wọlé, tó ń wo bí wọ́n ṣe ń rìn àti ohun tí wọ́n ń bára wọn sọ, kó lè mọ àwàdà tó máa bá wọn lára mu. Nínú ìtàn kan náà ló ti máa sọ pé àwọn adúláwọ̀ inú báǹdì kì í jẹun nínú yàrá tí wọ́n ti ń kọrin. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó jó sí orin wọn lánàá lè má dáhùn ìkíni wọn lónìí. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ìgbà tí ẹ ń pọ́n nìyẹn?"

"Mi ò pọ́n ọn. Ìgbà yẹn ò dára. Orin ibẹ̀ ló dára."

Ohun kan wà tí a kì í sọ nílé. Ọkọ rẹ̀, bàbá màmá mi, kúkù tó ń se oúnjẹ ni, nínú ọkọ̀ kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ó kú nígbà tí màmá mi ṣì kéré. Ìyá Àgbà gbé ọmọ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Abẹ́òkúta, ó sì padà sórí omi. Ọdọọdún ló ń wálé pẹ̀lú àpótí aṣọ. Màmá mi ní òun mọ àpótí yẹn ju ẹni tó gbé e wá lọ. Nítorí náà, a kì í béèrè orin lọ́wọ́ Ìyá Àgbà tí màmá mi bá wà nítòsí, kò sì sí àwo orin rẹ̀ kankan nínú ilé wa. Lọ́jọ́ kan tí ìjà kékeré kan ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oògùn tí Ìyá Àgbà ò lò, gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́nu màmá mi lójijì. Ó ní, "Ẹ kọrin fún gbogbo ayé. Ẹ ò kọrin fún mi rí." Mo retí pé Ìyá Àgbà á fèsì, torí pé kì í ṣaláìfèsì. Ó gbé oògùn náà mì.

"Òótọ́ lo sọ, Tòkunbọ̀."

Ní ọdún 2015, àwọn ọlọ́kọ̀ kan tó ti bá ṣiṣẹ́ rí fẹ́ ṣe ìrìn-àjò ìrántí, wọ́n sì ń wá àwọn òṣèré ayé àtijọ́ tí wọ́n ṣì wà láyè. Ọmọ olórí báǹdì rẹ̀ ló júwe rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kó wá kọrin lẹ́ẹ̀mejì nínú ọkọ̀ kan tó máa gbéra láti Sípéènì, kó sì mú ẹnìkan dání. Màmá mi ní òun ò lè gba àyè níbi iṣẹ́. Bó bá lè gbà á, mi ò rò pé ì bá lọ. Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Nígbà tí a lọ gba físà, obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì wo ojú rẹ̀, ó wo ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe. Ó ní iṣẹ́. Obìnrin náà ní, "Irú iṣẹ́ wo, Mà?" Ìyá Àgbà ní orin ni. Bí a ṣe jáde, ó dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, inú rẹ̀ dùn ju ti ẹni tó gba físà lọ.

"Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe."

Ọkọ̀ náà ga bí ẹni pé wọ́n to òtẹ́ẹ̀lì lé òtẹ́ẹ̀lì lórí. Odò ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀, ilé ìtajà wà nínú rẹ̀, ibi tí àwọn ọmọdé ti ń yọ̀ lórí omi wà nínú rẹ̀. Bí a ṣe wọlé báyìí, ìbéèrè tí Ìyá Àgbà kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Báǹdì dà?" Ọkùnrin tó ń bójú tó eré inú ọkọ̀, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Mátíìnì, fi àwọn méjì hàn án: Ramón, tó ń ta gìtá, ará Filipíìnì, àti Lúsì, obìnrin kan tó ń tẹ píánò. Ìyá Àgbà bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀yìn wọn. "Àwọn yòókù ńkọ́?" Mátíìnì na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà kan tó wà lórí tábìlì.

A lọ wo eré wọn. Àwòrán ńláńlá ń tàn lẹ́yìn ìtàgé, iná ń ṣẹ́jú, àwọn oníjó ń la ẹnu lórí orin tí ẹlòmíì kọ. Aláwàdà kan sọ àwàdà lónìí, ó sọ ọ́ lọ́la bó ṣe sọ ọ́ lónìí, títí kan ibi tó ti ń ṣe bí ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́, wọ́n sì ń wo fóònù wọn. Ìyá Àgbà jókòó láìmira. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn oníjó náà mọṣẹ́, ara wọn le, wọ́n kàn gbé iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ wọn ni.

Nígbà tó kan ìdánrawò tirẹ̀, Mátíìnì fi ohun ìgbọ́hùn kékeré kan sí i létí, ó sì tan orin. Ohùn obìnrin kan gba gbogbo yàrá náà, ohùn tó mọ́, tó ń gòkè láìsí wàhálà kankan. Yorùbá ló fi ń kọrin. Mi ò gbọ́ ọ rí, síbẹ̀ mo mọ̀ ọ́n. Ìyá Àgbà ni, ní ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Wọ́n ti rí àwo orin kan tó ṣe, wọ́n ti tún un ṣe, wọ́n sì fẹ́ kó kàn dúró níwájú àwọn èrò kó máa la ẹnu.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ọmọbìnrin yìí mọ orin í kọ."

Mátíìnì ní, "Ẹ̀yin ni, Mà. Ohùn yẹn làwọn èrò fẹ́."

"Mo mọ̀ pé èmi ni. Ṣùgbọ́n kò bá yín wọ ọkọ̀ yìí. Èmi ni mo wọ̀ ọ́."

Mátíìnì rẹ́rìn-ín, ó ní àyè àyípadà ò sí, gbogbo iná àti àwòrán ti so mọ́ orin náà. Nígbà tó jáde, Ramón wá bá wa. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ní àdéhùn iṣẹ́ òun àti Lúsì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, àwọn ọ̀gá sì ti ń sọ pé kọ̀ǹpútà nìkan á tó. Bí eré kankan bá bàjẹ́ báyìí, orí àwọn méjèèjì ló máa dà lé. Ó láwọn ọmọ nílé. Ìyá Àgbà wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó gbà.

Bó ṣe la ẹnu nìyẹn. Ó wọ aṣọ olómi wúrà, ó rẹwà, ó ń gbé ọwọ́ sókè, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ètè rẹ̀ ń bá ohùn ọmọbìnrin yẹn lọ. Àwọn èrò dìde fún un. Nígbà tí a dé yàrá, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò bọ́ bàtà, kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ṣebí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín." Ó gbójú sókè.

"Ẹni tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ò gbọ́."

Láti ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ramón àti Lúsì jókòó láàárọ̀, nínú yàrá kan tí wọ́n ti ń mutí, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sí níbẹ̀. Wọ́n ń dán orin rẹ̀ wò láìsí kọ̀ǹpútà. Lákọ̀ọ́kọ́, Lúsì ò mọ ibi tó máa bá a. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti tẹ píánò láìsí ẹ̀rọ tó ń ka ìlù sí òun létí. Ìyá Àgbà ní kó má wo ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́, kó máa wo èjìká òun. "Tí mo bá fẹ́ gòkè, èjìká mi ló kọ́kọ́ mọ̀." Nígbà tó yá, Lúsì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sán ni eré kejì bọ́ sí. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà múra, ó tọ́ ètè, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí ọ́fíìsì Mátíìnì.

"Mo wá sọ fún ọ, kó má bàa jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ ni mo ti ṣe é," ó ní. "Mi ò ní la ẹnu lónìí. Ramón àti Lúsì ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. Ohun tí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n máa ṣe. Tó bá bàjẹ́, èmi ni mo bà á jẹ́. Ọmọ ọmọ mi yìí ni ẹlẹ́rìí."

Ojú Mátíìnì pọ́n. Ó ní orin náà á tàn ní àkókò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa pa á. Ìyá Àgbà ní kò burú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jáde.

Orin náà tàn ní àkókò rẹ̀ lóòótọ́. Ìyá Àgbà jáde síwájú gbogbo wọn. Iná bọ́ sí i lójú. Ohùn ọmọbìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà mi sì ká ọwọ́ mọ́ iwájú, ó pa ẹnu dé.

Ohùn náà ń kọrin lọ. Òun dúró, ètè rẹ̀ wà papọ̀, ó ń wo àwọn èrò bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò tíì jókòó. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ó yé wọn pé ẹ̀rọ ló ń kọrin. Fóònù mi ń gbà á sílẹ̀, mo sì ń wo Mátíìnì níbi tó dúró sí lẹ́yìn. Ohùn náà dé ibi tó ti gòkè jù, ó ń gòkè láìní ẹnu. Mátíìnì ò lè fara dà á mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ju ọwọ́ sókè tó ní kí wọ́n pa á.

Wọ́n pa á. Ìyá Àgbà gbé maìkì sẹ́nu.

"Ẹ kú ọ̀sán o," ó ní, ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó dà bí orin Ẹ̀gbá. "Ẹni tí ẹ gbọ́ yẹn ni èmi, nígbà tí mo ṣì kéré. Ó ṣeun fún wa. Ẹni tó wà níwájú yín ti dàgbà. Ẹ jẹ́ kí n fi í mọ̀ yín."

Ó fa èémí. Èjìká rẹ̀ gòkè. Lúsì, tí ẹnikẹ́ni ò ní kó tẹ nǹkan kan, tẹ píánò. Ramón tẹ̀ lé e. Kò jọ ohùn ti àkọ́kọ́. Ohùn yìí ní iyanrìn nínú, ó rọra, ó ń gba ibi tó mọ̀ pé òun lè gbà. Níbi tó ga jù, ohùn náà sán bí ìkòkò. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín sínú maìkì, ó gbé ohùn wá sílẹ̀, Lúsì sì bá a sọ̀ kalẹ̀ láìṣìnà. Mo rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń fi fóònù wọn pamọ́. Bàbá òyìnbó kan lápá ọ̀tún mi ń sunkún, kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú orin náà. Nígbà tó parí, wọn ò kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń retí bóyá ó ṣì kù. Ìgbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀, ó gba gbogbo ọkọ̀ náà.

Ó tẹrí ba, ó na ọwọ́ sí Lúsì, ó na ọwọ́ sí Ramón. Bó ṣe ń kọjá lọ́dọ̀ mi, ó sọ̀rọ̀ sí mi létí, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ṣé o rí i? Ó sán, wọn ò sá."

Mátíìnì ò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ náà ò sì pe Ìyá Àgbà mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n wọn ò lé àwọn méjì yẹn. Àwọn èrò ń béèrè wọn, wọ́n sì fún wọn láyè láti máa ṣeré lọ́sàn-án láìsí kọ̀ǹpútà. Ramón pè wá lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Ó ní wọ́n ti tún dá kọ̀ǹpútà padà, òun àti Lúsì sì ti lọ sínú ọkọ̀ tó kéré sí i, níbi tí báǹdì wọn ti pé mẹ́rin. Ìyá Àgbà ní kó kí àwọn méjì yòókù.

Nígbà tí a dé Durumi, màmá mi béèrè bí ìrìn-àjò ṣe rí. Mi ò fèsì. Mo so fóònù mi mọ́ tẹlifísàn pálọ̀, mo sì tan fídíò náà. Màmá mi, tí kò gbọ́ orin ìyá rẹ̀ lórí ìtàgé rí, dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú báàgì ọ́fíìsì lápá. Kò jókòó. Ó wo ibi tí ìyá rẹ̀ ti pa ẹnu dé, ó wo ibi tó ti là á. Nígbà tó parí, ó yíjú sí i.

"Nítorí èyí lẹ ṣe fi mí sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Ìyá Àgbà dáhùn. "Ó sì ń dùn mí, lójoojúmọ́ tí mo fi wà níbẹ̀."

Màmá mi gbé báàgì sílẹ̀. Ó jókòó tì í lórí àga. Èmi ló bá sọ̀rọ̀, kò wo ìyá rẹ̀.

"Mọrẹ́nikẹ́, tún un tàn."

Ọdún 2018 ló fi wá sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìbí rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ti lọ, ó ku kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí èèyàn gbọ́dọ̀ fi etí súnmọ́ kó tó gbọ́. A dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, màmá mi se ìrẹsì, Málàm Sani gbé àwo tirẹ̀ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Màmá mi ní ó yẹ kí ẹnìkan kọrin ọpẹ́. Gbogbo wa wo Ìyá Àgbà láìmọ̀. Ó mi orí, ó sì na ìka sí mi.

Gbogbo ilé ló mọ̀ pé mi ò lè kọrin. Màmá mi máa ń ní ewúrẹ́ sàn jù mí lọ. Mo na ọwọ́ sí fóònù mi, kí n lè wá orin náà, kó gbè mí lẹ́sẹ̀. Ìyá Àgbà di ọwọ́ mi mú, kò sì jẹ́ kí n gbé e. Mo dìde. Mo kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo ṣìnà níbi ẹsẹ kejì, mo padà, mo tún ṣìnà. Málàm Sani kọjú sí ògiri kí n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ mi, ó gbọ́ ọ tán pátápátá.

Mo tẹ̀ ba níwájú rẹ̀ kí n lè gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

"Kò dùn," ó ní.

Màmá mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà dúró kí a rẹ́rìn-ín tán, bí ó ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí ẹni tó wà lórí ìtàgé dúró. Ó wá tún fà mí mọ́ra.

"Ṣùgbọ́n ìwọ ni."